Nọ́ńbà Kan Náà, Àkọsílẹ̀ Oríṣiríṣi: Kí Lojú Yín Ti Rí?

Ọmọ Ìkéré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló ń bá mi dá sí ilé tí mò ń kọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àwọn ti fi yúrò 1.500 ránṣẹ́. Mo wò ó títí. Yúrò kan ààbọ̀? Páànù wo ni yúrò kan ààbọ̀ fẹ́ rà? Díẹ̀ ló kù kí n fi ohùn burúkú ránṣẹ́ sí wọn, ìyàwó mi ló gba fóònù. Àṣé àmì ìdánudúró ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Èyí tí àwa ń kọ ní 1,500.00, 1.500,00 ni tiwọn.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù ọ̀rẹ́ wọn kan sínú ìwé fún mi. 1 ibẹ̀ tẹ̀ lórí bí ọkọ́, mo bá ń pè é ní 7. Ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń yọ lẹ́nu láti àárọ̀. 7 tiwọn gan-an, wọ́n máa ń fa ìlà dábùú rẹ̀ láàárín.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Adó
Tèmi ò dé òkè òkun. Màmá mi ta ìrẹsì àti ẹ̀wà nítòsí Ọjà Ọba. Wọn ò kàwé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni ìwé gbèsè wọn. Èédú ni wọ́n fi ń kọ ọ́: ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á dábùú wọn bí okùn tí wọ́n fi di igi. Ìdì mẹ́ta àti ìlà méjì, kóńgò mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu: lára ilẹ̀kùn, wọ́n ń ro márùn-ún mọ́ márùn-ún, lẹ́nu, wọ́n ń yọ ẹ̀ta kúrò nínú ogún.

Lọ́dún tí bàbá wa kun ilẹ̀kùn yẹn nítorí Kérésì, kò sẹ́ni tó gbádùn ìrẹsì nínú ilé. Oníbàárà méjì péré ló rántí gbèsè wọn.

Akápò
Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìjerò, èmi ni mo gba ìwé lọ́wọ́ akápò àtijọ́. Baba yẹn kì í kọ fígọ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo owó. Wọ́n kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajọ síwájú orúkọ obìnrin kan. Akọ̀wé wa, ọmọ ìsinsìnyí, kà á sí ẹgbàajọ, ó tẹ 16,000 sínú kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà fárí gá pé 15,000 lòun yá. Ìpàdé méjì la fi jà lórí ẹgbẹ̀rún kan náírà! Ẹgbàá lọ́nà mẹ́jọ ni ẹgbàajọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́ iwájú yẹn ló ń yọ ẹgbẹ̀rún kan kúrò. Akọ̀wé ní kí ló dé tí baba ò kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó yé gbogbo ayé. Mo dá a láre díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ létí baba.

Ọmọ Ìkọ̀lé
Ìyá àgbà mi ńkọ́? Títí wọ́n fi lọ, pọ́n-ùn ni wọ́n ń kà, bẹ́ẹ̀ 1973 ni náírà ti dé. Pọ́n-ùn kan, náírà méjì. Ọkùnrin kan ra orógbó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn. Ó ka ₦500 sílẹ̀, ó gbéra. Ìyá di aṣọ rẹ̀ mú.

Màmá Ìbejì
Ẹ bá mi dá sí èyí. Ọmọ mi kọ 360 ní òjìdínnírinwó, bí bàbá mi ṣe kọ́ ọ. Tíṣà fi bírò pupa fà á, ó ní ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún lòun fẹ́. Yọ ogójì nínú irinwó, ro ọgọ́ta mọ́ ọ̀ọ́dúnrún, ibì kan náà kọ́ ni wọ́n já sí? Bàbá mi ti ní àwọn fúnra wọn ń bọ̀ ní ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé.