Ṣé kí a sọ ọmọ wa ní Karen?

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i. Ìyàwó mi lóyún ọmọbìnrin, Amẹ́ríkà níbí la sì ń gbé. Karen ló fẹ́ sọ ọ́, orúkọ nọ́ọ̀sì àgbà tó ṣe ìyá fún un nígbà tó kọ́kọ́ dé. Orúkọ gidi ni. Ní 1965, ipò kẹta ló wà nínú orúkọ ọmọbìnrin níbí. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 2020 ló ti di èébú: obìnrin aláwọ̀ funfun tó ń jọra rẹ̀ lójú, tí yóò ní kí wọ́n pe máníjà wá lórí ohun tí kò tó nǹkan, tí á tún pe ọlọ́pàá sí aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. (Ọmọ tiwa yìí, bó ti dúdú tó!)

Ìyàwó mi ní àwàdà orí fóònù lásán ni, pé á ti kásẹ̀ nílẹ̀ kọ́mọ tó wọ iléèwé. N kò rò bẹ́ẹ̀. Mo ní kí orúkọ Yorùbá ṣáájú, kí Karen tẹ̀ lé e. Ó ní ọgbọ́n àti pa á tì nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ́ Karen, tàbí tẹ́ ẹ ní ọ̀kan nílé: ṣé wọ́n ṣì ń fi ṣe yín yẹ̀yẹ́? Èsì wo lẹ máa ń fún wọn?