Kolmanskop: yíya fọ́tò nínú ilé tí iyanrìn ti gbà

Ayafọ́tò_Ìbàdàn béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oníkámẹ́rà. A fẹ́ wa mọ́tò láti Keetmanshoop lọ sí Lüderitz ní Nàmíbíà, ká sì yà ní Kolmanskop, ìlú dáyámọ́ńdì tó ti di ahoro láti 1956. Kì í ṣe odindi ilé ni mò ń wá. Ọ̀dà tó ń bó, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìṣó tó ti dógùn-ún ló wù mí. Lẹ́ńsì 24-70mm àti macro 100mm, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń ya ohun kékeré nítòsí, ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe lo ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, kí ni kí n sì ṣe sí iyanrìn?

Olójú_Lẹ́ńsì:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ àwọn ayafọ́tò, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì lásán kì í jẹ́ kéèyàn wọlé láàárọ̀ kùtù. Àsìkò yẹn gan-an lẹ nílò. Ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀gbẹ́ gba fèrèsé wọlé, ọ̀dà tó ká sókè bí èèpo iṣu gbígbẹ á sì ní òjìji tín-ín-rín lábẹ́. Tí oòrùn bá ga, òjìji yẹn á lọ, ògiri á wá rí pẹlẹbẹ. Ẹ rántí pé apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá níbẹ̀: ẹ fi yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ti àríwá.

Fún macro, ẹ gbé kámẹ́rà lé tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró), ẹ lo ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) àti f/11 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), kẹ́ ẹ sì fi táímà ìṣẹ́jú-àáyá 2 yà á kí ọwọ́ má baà mì ín. Ojú lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri gan-an. Tó bá dagun díẹ̀, apá kan á hàn kedere, apá kejì á rí bàìbàì. Ẹ fi white balance, ìyẹn ètò tó ń tún àwọ̀ ṣe, sí 5200K. Tẹ́ ẹ bá fi sí auto, kí kámẹ́rà máa yàn án fúnra rẹ̀, ògiri búlúù àti iyanrìn pupa rẹ́súrẹ́sú á máa tàn án jẹ, àwọ̀ fọ́tò kan ò ní bá ti èkejì mu.

Ìyá_Kámẹ́rà:
Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta rárá. Inú mọ́tò ni, kẹ́ ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kẹ́ ẹ sì dojú kámẹ́rà kọlẹ̀. Tí iyanrìn bá bà lé ojú lẹ́ńsì, róbà tá a ń fọwọ́ tẹ̀ kó lè tú afẹ́fẹ́ jáde ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ. Aṣọ á fi iyanrìn ha dígí náà, ẹnu sì ń tu itọ́ sí i. Lálẹ́, ẹ wo fọ́tò ojú ọ̀run tẹ́ ẹ yà ní f/16: tẹ́ ẹ bá rí tótòòtó dúdú, eruku ti wọ sẹ́ńsọ̀, ibi tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, nìyẹn.

Ní ti tripod, ẹ fa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀ kí ibi tá a ti ń tì í pa má baà ri sínú iyanrìn. Ibẹ̀ ni iyanrìn máa ń há sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ya gbogbo yàrá ná. Ipa ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sórí òkìtì iyanrìn inú yàrá ò ṣeé nù, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń pa á rẹ́.

Ayafọ́tò_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an. Yàrá tó ṣókùnkùn tí fèrèsé rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbòò ńkọ́?

Olójú_Lẹ́ńsì:
Ẹ ya mẹ́ta ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe): -2 tó ṣókùnkùn, 0 tó wà déédéé, +2 tó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá ya ẹyọ kan péré, fèrèsé á funfun báláú.

Awakọ̀_Aṣálẹ̀:
Ẹ má mú òkúta kankan níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ilẹ̀ dáyámọ́ńdì ni, òfin ò gbà á. Ẹ fi ẹsẹ̀ wo pákó ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ara lé e, òmíràn ti jẹrà lábẹ́ iyanrìn. Lójú ọ̀nà B4 tẹ́ ẹ máa gbà láti Keetmanshoop, àwọn ẹṣin ìgbẹ́ wà ní agbègbè Garub, nítorí náà ẹ má wakọ̀ lálẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Lüderitz, ẹ rọra, afẹ́fẹ́ ọ̀sán ń wọ́ iyanrìn bo títì.