Orúkọ fún acritarch: «àìní» yàtọ̀ sí «àìmọ̀»

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa,

Orúkọ méjì ni a ti dá lábàá fún acritarch, ìyẹn àwọn àṣẹ́kù ẹ̀dá bíńtín tí ásíìdì kò lè jẹ ògiri ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ òkúta tí wọ́n wà nínú rẹ̀ tán. Èkíní ni «òòrẹ̀-inú-òkúta», èkejì ni «aláìlórísun». N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Orúkọ òòrẹ̀ ti wà rí. Hystrichosphere ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, òòrẹ̀ sì ni hystrix lédè Gíríìkì. Láti nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840 ni Ehrenberg ará Jámánì ti rí wọn nínú òkúta ìgbà dáínósọ̀, ó sì fi wọ́n wé ewédò inú omi dídùn. Gbogbo róbótó tó ní ẹ̀gún ni wọ́n wá ń kó sínú agbọ̀n kan náà, títí William Evitt ará Amẹ́ríkà fi ṣàlàyé ní 1961 pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú kan tó ṣí, tó ní ìrísí àti ààyè tirẹ̀, bí ìkòkò tí a ti ṣí ọmọrí rẹ̀, níbi tí ẹ̀dá inú rẹ̀ gbà jáde. Ilé àwọn dinoflagellate, ìyẹn àwọn ẹ̀dá bíńtín oní-sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú omi, nìyẹn. Ní 1963, ó fún àwọn tó ṣẹ́ kù ní orúkọ acritarch. Àwọn kan nínú wọn ń dán bí ẹyin, wọn kò ní ẹ̀gún kankan. Báwo ni a ó ṣe pè wọ́n ní òòrẹ̀?

«Aláìlórísun» ló dùn mí jù, nítorí irọ́ ni. Ọmọ tí a rí he lọ́jà ní ìyá, ó ní bàbá. Àwa ni a kò mọ̀ wọ́n. Akritos ni ẹjọ́ tí a kò tíì dá, arche sì ni ìpilẹ̀ṣẹ̀. «Tíì» yìí gan-an ni kò gbọdọ̀ sọnù, nítorí náà «àìtíìmọrísun» ni mo fọwọ́ sí, bí ó tilẹ̀ gùn díẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ wo Micrhystridium, ọ̀kan nínú àwọn acritarch, tó wọ́pọ̀ nínú òkúta etíkun ìgbà Jùrásíìkì: bí a bá to 50 wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ní ju mílímítà kan lọ. Àìtíìmọrísun ni. Bí ẹnìkan bá rí ìdílé rẹ̀ lọ́la, a ó kàn yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orúkọ náà ni, orúkọ náà yóò sì wà fún àwọn tó kù.