"Apàjẹsára" kò yẹ oògùn yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa ní Súrùlérè dábàá pé kí a pe oògùn tí ẹni tó gba kíndìnrín ẹlòmíràn ń lò, kí ara rẹ̀ má baà kọ̀ ọ́, ní "apàjẹsára", kí a sì pe áńtíbọ́dì, èròjà tó ń dì mọ́ ohun kan pàtó, ní "agbóguntàrùn". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Ní Múṣin níbí, ẹni tó bá gbọ́ "àjẹsára", abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ ló máa sọ sí i lọ́kàn. Ẹni tó ń lo oògùn yìí kò gbọdọ̀ gba àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó yẹ kó gbà. Bó bá gbọ́ pé oògùn òun ń pa àjẹsára, ṣé yóò tún lọ gba èyíkéyìí? Èyí ló ká mi lára jù.

"Agbóguntàrùn" ńkọ́? Ẹ wo basiliximab, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, tí wọ́n ń fún aláìsàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn ọjọ́ 4. Áńtíbọ́dì ni, kò sì bá àrùn kankan jà. Bí ẹ̀ṣọ́ ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara, bá rí kíndìnrín àjèjì, wọ́n á fọn fèrè síra wọn, wọ́n á sì máa bí sí i. CD25 wà lára etí tí ẹ̀ṣọ́ fi ń gbọ́ fèrè yẹn. Ibẹ̀ ni basiliximab ń lọ dì mọ́. Fèrè ń dún, etí ti di.

Iṣẹ́ áńtíbọ́dì ni kó gbá ohun tirẹ̀ mú, nítorí náà "agbámú" ni mo mú wá. Muromonab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1986 fún kíndìnrín tí ara ń kọ̀, ara èkúté ló ti wá. Ara aláìsàn mọ̀ ọ́n ní àjèjì, ó sì pèsè agbámú tó ń gbá agbámú èkúté mú. Ẹ fi "agbóguntàrùn" sọ gbólóhùn yẹn wò.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń pa ẹ̀ṣọ́: èyí tí wọ́n ń rí lára ehoro ń pa oríṣi ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní T, rituximab ń pa oríṣi tí wọ́n ń pè ní B. Síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kì í tán pátápátá. Bí aláìsàn bá pa oògùn tì, wọ́n á tún dìde sí kíndìnrín náà. Ẹ̀ṣọ́ tó dẹwọ́ nìyẹn, kò kú. "Oògùn ìdẹwọ́-ẹ̀ṣọ́" ni mo fi síwájú yín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí àléébù kan nínú rẹ̀?