Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú kí ìyá mi máa mu omi tó?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta la wà, ní Ìtòkú, ìdí àdìrẹ. Ìyá mi ti lé ní 70 ọdún, síbẹ̀ ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ń wà títí oòrùn á fi wọ̀. Omi inú ọ̀rá kan, 50cl péré, wọ́n á mu ún dé ìdajì, wọ́n á so ẹnu rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. "Òùngbẹ ò gbẹ mí." Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà mọ́, kódà nígbà tí ara ń wá omi.

Lánàá, bí wọ́n ṣe dìde, òòyì kọ́ wọn. Ètè wọn ti bó, ìtọ̀ wọn pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Àyà mi já.

Ẹ̀kọ mímu àti sóbò ni wọ́n fẹ́ràn. Ṣé ìyẹn náà wà lára omi tí ara ń lò? Ṣúgà inú sóbò ọjà ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú wọn tọ̀ léraléra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àgbà, ọ̀rá mélòó ni tiyín ń mu lójúmọ́? Ọgbọ́n wo lẹ dá tí wọ́n fi gbà?