Àbọ̀ ọ̀rọ̀ VirtualBox tí mo béèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Mo béèrè ètò tí mo lè fi lo Linux (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, bíi Windows) nínú Windows 11 Home, lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB. Hyper-V, ètò Microsoft fún irú iṣẹ́ yìí, ò sí nínú Home, VirtualBox (ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ẹni) ni mo mú. Ó kọ́kọ́ ń falẹ̀, àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé, àmì pé ó ń falẹ̀, sì wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀. Ẹni tó ní kí n pa Memory integrity (ààbò kan tó ń gba ọ̀nà tí VirtualBox fẹ́ lò) nínú Windows Security ló mọ̀ ọ́n: mo pa á, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ìjàpá pòórá, Linux ń sáré. (Ààbò Windows á dínkù díẹ̀ o.) RAM 4GB tí ẹ ní kí n fún Linux tó, bí n kò bá ṣáà ti ṣí Chrome mọ́ ọn. Fódà àjọlò Windows àti Linux kò ṣí, àfìgbà tí mo fi orúkọ mi sínú vboxsf, ẹgbẹ́ àwọn tó ní àṣẹ láti ṣí i nínú Linux. Ohùn ló ṣì ń já. Ẹ sì mọ iná Òṣogbo: bí wọ́n bá ti mú un lọ, Save State (tó ń fi Linux pamọ́ bó ṣe wà) ni mo ń tẹ̀ kí inverter tó dákẹ́.