Wọlé, bà, àbí gbà?

Ẹ̀yin ará,

Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láìdá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ àná ti mú kí ẹnu máa yún mi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé rèé. A ń wá ọ̀rọ̀ ìṣe kan fún gọ́ọ̀fù àwo, eré tí èèyàn ti ń ju àwo pẹlẹbẹ kan, tí yóò máa lọ bá a níbi tó bá bọ́ sí, tí yóò tún un jù, títí yóò fi dé apẹ̀rẹ̀ onírin tó wà lókèèrè. Ìgbà wo gan-an ni a lè sọ pé ó parí, kí sì ni ká pe ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Ẹnì kan ní "wọlé" ti tó, kò sí ohun tí à ń wá kiri. Ẹnì kejì ní "bà" ló yẹ. Ẹnì kẹta, tó jọ pé gọ́ọ̀fù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá ló mọ̀, mú "jù síhò" wá, inú sì bí i nígbà tí wọ́n ní kò sí ihò níbẹ̀.

Ẹ má bínú sí mi, kò sí ihò níbẹ̀ lóòótọ́. Òpó irin kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Òrùka irin kan wà lókè òpó náà, wọ́n so ṣéènì yí i ká, àwọn ṣéènì náà sì ń rọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń fún wọnú díẹ̀díẹ̀ sún mọ́ òpó, bí ìdajì òkè ìlù gángan. Abẹ́ wọn ni apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi irin tín-ín-rín ṣe wà, ètè rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀ ní nǹkan bí 82 sẹ̀ǹtímítà. Ed Headrick tó gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) lórí ohun èlò yìí fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: àwo, òpó, ihò. Méjì péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú lè rí. Ihò yẹn, láti inú gọ́ọ̀fù ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá, wọ́n kàn gbàgbé láti gbẹ́ ẹ ni.

Àwọn Òyìnbó ń lo ọ̀rọ̀ "ihò" yìí kan náà fún odindi ibi tí a ti ń ṣeré, láti ibi tí a ti kọ́kọ́ jù títí dé apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní pápá kan ní 18 irú rẹ̀. Fún ìyẹn, mo fara mọ́ ẹni tó dábàá "ojú". A ń sọ ojú ogun, a ń sọ ojú agbo, ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni. Ojú kìn-ín-ní, ojú kejì, títí dé ojú kejìdínlógún. Kò le rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ní "ojú" lásán. Ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ "ojú ìjù", ẹ bá mi kà á sókè ketekete fún ẹni tí kò mọ eré náà, kí ẹ wá gbọ́ bóyá kò ní béèrè pé kí la lọ ń ṣe nínú aginjù.

Bákan náà ni "òpó ẹlẹ́wọ̀n". Mo mọ ohun tí ẹni tó dá a rò lọ́kàn, ẹ̀wọ̀n ni ṣéènì lóòótọ́. Àmọ́ ta ló máa gbọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní rò pé wọ́n so èèyàn mọ́ òpó ni? Ṣéènì ni gbogbo wa ń pè é ní ọrùn àti lára kẹ̀kẹ́. Òpó onísẹ́ènì tàbí òpó oníṣéènì, èyí tó bá rọ ahọ́n yín lọ́rùn, kò dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìṣe, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Mo kọ́kọ́ wà lẹ́yìn "bà", mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó mú un wá kò tíì sọ ibi tí agbára ọ̀rọ̀ náà wà. Kí apẹ̀rẹ̀ tó dé, igi ni wọ́n ń jù, tàbí òpó, tàbí ohunkóhun tí ojú bá rí. Ní ọdún 1975 tí wọ́n la pápá àkọ́kọ́ tó máa wà títí lọ ní Oak Grove ní California, òpó lásán ni wọ́n rì síbẹ̀. Òpó lásán, "bà" ló ni ín. Òkúta bà á, ọfà bà á, àwo bà á: ó ti parí nìyẹn. Títí dòní, ìwé òfin eré náà ṣì fàyè gba irú òpó tàbí igi bẹ́ẹ̀. Bí àwo bá ti lu ibi tí wọ́n fi àmì sí lára rẹ̀, ó tó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyọnu tó wà nínú rẹ̀. Àwo fò gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá, ewé kan mì. Ṣé àwo ló mì í ni, àbí atẹ́gùn tí àwo gbé wá? Ẹni tó jù ú ní òun gbọ́ "kó". Ẹni tó dúró sápá ọ̀tún ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rí wo ni ẹ fẹ́ mú wá? Àwo ti balẹ̀ sókèèrè, igi ò sì lè sọ̀rọ̀. Ohun tó sú Headrick gan-an nìyẹn. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni kékeré nínú ọ̀rọ̀ àwo. Nígbà tó wà ní Wham-O, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré, òun ló tún Frisbee, àwo ìṣeré wọn, ṣe tó fi ń fò tààrà, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1967. Àríyànjiyàn lórí àwo tó kan igi àti èyí tí kò kàn án ló mú kí òun àti Ken ọmọ rẹ̀ jókòó ṣe ohun tó máa mú àwo dání. Ọdún 1976 ló dá ẹgbẹ́ PDGA tó ń ṣe òfin eré náà sílẹ̀, ọdún 1977 sì ni ìwé ẹ̀tọ́ lórí òpó oníṣéènì jáde.

Ibi tí mo ti yí padà kúrò lẹ́yìn "bà" nìyẹn. Ohun tí ṣéènì àti apẹ̀rẹ̀ wá ṣe ni pé kí "bà" má ṣe tó mọ́. Àwo lè lu ṣéènì tí gbogbo pápá á gbọ́ ariwo rẹ̀, kó sì bọ́ sílẹ̀ pàá. Ó bà á dáadáa, kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí à ń bi apẹ̀rẹ̀ báyìí ni pé: ṣé o gbà á? Ẹ gbọ́ ọ bí? Láti bà sí gbà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, b di gb, ìtàn eré náà sì wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n ṣe o, mo kàn pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ni.

Ẹ̀yin oní-"wọlé", ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù, mo sì mọ ibi tí ẹ ti rí i: inú bọ́ọ̀lù. Òfin bọ́ọ̀lù ló bá ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Nínú bọ́ọ̀lù, tí odindi bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìlà sáàárín òpó méjèèjì, góòlù ni, kódà kó ta padà jáde lójú ẹsẹ̀. Ìwọlé ló ṣe kókó, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Nínú gọ́ọ̀fù àwo, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Àwo tí wọ́n jù pẹ̀lú agbára lè gba àárín ṣéènì méjì wọlé, kó fẹ̀gbẹ́ nu òpó, kó sì gba ẹ̀yìn jáde. Ó wọlé. Ẹlẹ́rìí pọ̀ pé ó wọlé. Kò sì parí.

Ó tún wá kù sí èyí tí kò wọlé rárá. Nígbà míràn, àwo tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ máa ń fi etí gún ara apẹ̀rẹ̀ láti ìta, á há sáàárín irin méjì, ìdajì nínú, ìdajì síta, bí lẹ́tà tí wọn ò tì wọ inú àpótí tán. Nínú ìwé òfin kan láyé ọjọ́sí, àwo gbọ́dọ̀ gba òkè ètè apẹ̀rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ òrùka wọlé; nígbà yẹn, "wọlé" ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ òfin yẹn padà. Ohun tí wọ́n ń béèrè nísinsìnyí ni pé kí ẹni tó jù ú ti jọ̀wọ́ rẹ̀, kí àwo náà sì dúró jẹ́ẹ́, kó jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ tàbí ṣéènì tó wà nísàlẹ̀ òrùka ló gbé e ró. Ibi tó gbà wọlé ti kúrò nínú ẹjọ́. Ìgbéró ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ìgbéró láìjẹ́ pé ẹ ń ka ìwé òfin, kí lẹ máa sọ bí kò ṣe pé apẹ̀rẹ̀ gbà á?

"Há" àti "kọ́" tí ẹnì kan mú wá, ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí àwo ṣe wà ni wọ́n ń sọ, wọn kì í dá ẹjọ́. Àwo tó há sára apẹ̀rẹ̀ há, èyí tó há sórí igi náà há.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo ọ̀kan tí mo dúró tì. Àwo náà lu ṣéènì lápá òsì, ó yí ká òpó lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì méjì pàdé lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mú un bí ìgbà tí ìka méjì bá di etí abọ́ mú. Kò bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ó wà lókè bẹ́ẹ̀, ó ń jì díẹ̀díẹ̀. Àwa mẹ́rin dúró, kò sẹ́ni tó mí. Ariwo ṣéènì lọ sílẹ̀, ó ku ṣín-ín, ó ku ṣín, ó dákẹ́. Àwo náà dúró. Ọ̀kan nínú wa wá ní, "Ó gbà á." Kò ní in lọ́kàn láti dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu ni. Ká ní àwo yẹn tún já bọ́ lẹ́yìn tó ti dúró tán, torí atẹ́gùn fẹ́, ó ti parí náà nìyẹn. Ibi tó ti kọ́kọ́ dúró ni wọ́n á kà. Ẹ wo bí "gbà" ṣe gbé ìyẹn: ohun tí wọ́n ti gbà, wọ́n ti gbà á.

Òdìkejì rẹ̀ kò nílò kí á forí ṣe: apẹ̀rẹ̀ tu ú. Ẹni tó bá ti rí àwo tó ti wà láàárín ṣéènì tó tún já wá síta mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ míì fún un.

Ẹnì kan lè sọ pé tí a ò bá fàmì sí i, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, "gbà" á di "gbá". Kó má dà á láàmú: apẹ̀rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ tó fi máa gbá nǹkan. Èyí tó dà mí láàmú jù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. "Ìgbà" ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe, "igbá" náà ti ní tirẹ̀. Mo ní ká máa lo "gbígbà" nígbà tó bá pọn dandan, ká má dá nǹkan gígùn sílẹ̀ torí pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ orúkọ níbẹ̀.

Ẹ má sì da "gbà" àti "parí" pọ̀ o. Apẹ̀rẹ̀ ló ń gbà, ẹni tó ń ṣeré ló ń parí. Wọ́n máa ń bára wọn rìn, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi igi ṣe àmì, o lè parí láìsí ohun tó gba nǹkan kan. Ẹni tó bá sì ń jù láti ibi tí kò ju mítà 10 lọ sí apẹ̀rẹ̀, òfin ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun dúró lórí ẹsẹ̀ òun kó tó ṣí síwájú. Bó bá ṣubú síwájú lẹ́yìn tó jù ú, apẹ̀rẹ̀ lè gbà á pẹ̀lú ariwo, wọ́n á ṣì fi ẹyọ kan kún iye ìgbà tó jù bí ìtanràn.

Lórí "jù" fúnra rẹ̀, ìbéèrè ẹni tó ní kí la máa pe ti ẹni tó dúró ti apẹ̀rẹ̀, tó na ọwọ́, tó sì jẹ́ kí àwo bọ́ sínú rẹ̀, dùn mọ́ mi. "Jù" dà bí ẹni pé ó nílò agbára. Àmọ́ kò lè jẹ́ "fi sí", torí ẹni tó fi nǹkan sí ibì kan lè ṣì di í mú, òfin sì ní ọwọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. "Sọ ọ́ sínú rẹ̀" dára tó lójú tèmi, wọ́n á sì kà á mọ́ iye tó jù.

Ó wá ku ẹyọ kan tí n kò rí ojútùú rẹ̀. Àwo lè fò kọjá lókè ṣéènì, kó lọ tẹ́jú sórí òrùka lókè pátápátá, kó máa wo gbogbo wa nílẹ̀. Kò parí, abẹ́ ibẹ̀ ni ẹni náà á ti tún un jù. Òpó náà gbé e ró lóòótọ́, àmọ́ kò gbà á. Òyìnbó fi lẹ́tà mẹ́rin ṣe orúkọ fún irú rẹ̀. Mo ti ń sọ pé "ó gorí àjà", kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó má sọ fún mi pé ó bà lé e o, ká má tún padà sídìí igi.